Òkúta Ààrò Perpétue

Ẹ má fi ìjókòó lọ̀ mí, ẹ̀yin ará ilé wa ní Lèma, ọ̀rọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí n jókòó. Perpétue, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Eustache, tí a lé padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Kpingni pé ó fi oúnjẹ pa ọkọ rẹ̀ lára, kò mọ nǹkan kan. Èmi Zéphirin ni mo ṣe é, ẹnu mi ni mo sì fi ṣe é.

Mo fẹ́ràn ilé ìwé. Eustache ló sọ fún bàbá wa pé, "Ta ni yóò bá mi kọ ebè? Ẹ mú Zéphirin wálé, ó ṣáà ti mọ orúkọ ara rẹ̀ í kọ." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú mi wálé. Mo di àgbà, mo bímọ, mi ò gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ní ọdún 1965, Eustache bẹ̀rẹ̀ sí í rù, èèrà sì ń bo ibi tó bá tọ̀ sí. Mo mú un lọ bá Cosme tó ń gún abẹ́rẹ́. Ọmọ Natitingou ni, Faransé nìkan la lè fi bá a sọ̀rọ̀. Eustache kò gbọ́ ọ, èmi ni mo ń túmọ̀ fún un pẹ̀lú ìwọ̀nba tí mo kọ́ nílé ìwé. Ó ní àìsàn ṣúgà ni. Ó ń fi ìka tẹ apá mi, ó ń ṣàlàyé: oje kan wà nínú ara tó máa ń sọ fún iṣan pé kó ṣílẹ̀kùn, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè wọlé di agbára. Ti Eustache kò tó mọ́, abẹ́rẹ́ ni yóò kún un. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ, oje á máa pè, abẹ́rẹ́ á máa pè, iṣan kò ní dáhùn. Kó yẹra fún ọ̀rá, kó sì máa roko, torí iṣẹ́ ló ń mú kí iṣan gbọ́ràn.

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ó ní abẹ́rẹ́ yìí le, ọ̀rá ni kí ẹ fi máa gbà á. Kí ẹ má sì fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́." Mo fẹ́ kí ọkọ́ tó gba ìwé lọ́wọ́ mi bọ́ lọ́wọ́ òun náà.

Oúnjẹ ọlọ́ràá la fi ń gbé aláìsàn dìde níbí, kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Perpétue sáré lọ ra ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ó ń fi din iṣu, ó ń dà á sórí ẹ̀wà. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Akọ̀wé ló ń pè mí. Á ní, "Ẹ jẹ díẹ̀ sí i, bàbá Odette, Akọ̀wé ní dókítà ló wí bẹ́ẹ̀." Mo ń gbọ́. Mo tilẹ̀ ń bá wọn jẹ níbẹ̀. Cosme ń fi abẹ́rẹ́ kún abẹ́rẹ́, ṣúgà kò lọ sílẹ̀. Ó bi mí pé kí ni ọkùnrin yìí ń jẹ. Mo ní ewébẹ̀.

Lọ́jọ́ kan Eustache ṣubú lójú ọ̀nà òkè, kò mọ ẹni tó ń pè é mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìyá Dorothée, àbúrò bàbá wa, ní Perpétue ló fi nǹkan sóúnjẹ, kí wọ́n yọ ààrò rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé obìnrin tí a bá yọ ààrò rẹ̀ kò nílé lọ́dọ̀ wa mọ́. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, èmi gan-an ni mo fa òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ, wọ́n ṣì gbóná, mo sì yí wọn sísàlẹ̀ òkè níṣojú rẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀yin náà?"

Eustache kò kú. Wọ́n mú ọ̀rá kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ní kó máa ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ díẹ̀ sì tó o. Ó padà dé, ó kọ ebè títí di ọ̀sán, ó wá dúró tì mí. "Ṣé Cosme ló ní kí n máa jẹ ọ̀rá, àbí ìwọ?"

"Èmi ni."

Ó fi ọkọ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó ní, "Ti ilé ìwé yẹn, mo jẹ̀bi. Ti ọ̀rá, mo fi jì ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ààrò tèmi lo dànù."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rákò nínú igbó ìsàlẹ̀ òkè. Mo rí méjì. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin ará, mo rí ìkẹta! Ó ṣì dúdú fún èéfín. Mo pariwo débi pé àwọn ewúrẹ́ sá. Mo ti gbé wọn gòkè, mo ti tò wọ́n padà sí àyè wọn. Ẹ dárí jì mí, ẹ má sì rán ẹlòmíràn lọ sí Kpingni. Èmi ni n óò lọ sọ ọ́ níwájú Perpétue àti gbogbo ará ilé rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó ń lọ ilé ìwé, bí ẹ bá gbọ́ èdè tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ sọ ọ́ fún un bí ẹ ti gbọ́ ọ gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má sì dáná sí ààrò náà. Òun ni yóò dá a.