Ọta Tó Pa Ìyá Honor ní Kettle Lane

Honor, fa àga súnmọ́ mi. Ẹ̀mí ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára mi mọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò sì gbọdọ̀ bá mi wọ pósí. Kì í ṣe ṣójà ìjọba ló pa ìyá ẹ. Èmi ni.

Nígbà tí àwa ará Ireland ń bá ara wa jagun, mo lúgọ sójú fèrèsé òkè kan ní Kettle Lane, ní Dublin níbí, mò ń ṣọ́ àwọn ṣójà ìjọba tí ẹgbẹ́ wa ń bá jà. Èyí tó kọ́kọ́ yọjú nínú wọn ni Lar Mangan. Bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó sí nílé ìwé. Mo yìn ín níbọn. Bó ṣe ṣubú, ó gbójú sókè, ojú wa sì ṣe mẹ́rin.

Gbogbo èèyàn sá wọlé, àfi ìyá ẹ. Ó ju agbọ̀n ẹja rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ó gbé ẹnu sí Lar létí. Dinny ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ wà níbẹ̀, ní, 'Fintan, fi ìyá yẹn sílẹ̀ o. Àdúrà ló ń gbà fún un.' Ta ni ò mọ̀? Ní Dublin wa yìí, ẹni tó bá wà nítòsí ẹni tó ń kú lọ ló ń bá a tọrọ ìdáríjì Ọlọ́run sí etí. Ìyá tèmi náà ṣe é fún bàbá mi. Mo mọ̀, Honor! Àmọ́ mo rí i tí ètè Lar ń mì. Mo ní orúkọ mi ló ń sọ fún un. Ojo ni mí. Mo tún yìnbọn.

'O pa á mọ́ àdúrà lẹ́nu,' ni Dinny wí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà.

Àdúgbò gbà pé ṣójà ló pa á. Mo bá wọn gbé pósí. Bàbá ẹ dì mọ́ mi, ó ń pè mí lọ́mọ rere. Ọmọ rere! Háà, èmi yìí!

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tó o dàgbà, Matt Tunney tó fẹ́ fi ẹ́ ṣaya ti ṣe ṣójà ìjọba rí. Bàbá ẹ lé e: 'Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ló sọ ọmọ mi di aláìníyàá!' O yíjú sí mi, o ń sunkún: 'Bọ̀dá Fintan, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.' Mo mu tíì mi. Mo ní, 'Gbọ́ ti bàbá ẹ.' Matt bá tiẹ̀ lọ, o ò sì lọ́kọ títí dòní. Ìbẹ̀rù ló mú mi pa ìyá ẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣe sí ìwọ, ojú mi là kedere nígbà tí mo ṣe é.

Àlùfáà ní Ọlọ́run ti dárí jì mí. Ìwọ ńkọ́? Má torí pé mò ń kú lọ ṣàánú mi. Bú mi. Pariwo.

O ti yọwọ́ ẹ kúrò nínú tèmi. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ọmọ mi, má tíì lọ.