Kí Ẹsẹ̀ Ọmọ Tó Kanlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Nínú mọ́tò tó ń ti Fìdítì lọ sí Ìlọrà nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ bí ìyá àgbà kan ṣe ń bi tíṣà tó jókòó tì í:

“Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà dé ti Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí mélòó ni?”

“Bíi mẹ́fà ààbọ̀, Mà.”

“Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni bàálù ọmọ mi gbéra.”

“Aago márùn-ún ti kọjá. Ó ti balẹ̀.”

“Ọpẹ́ ni! Láti àná tó ti jáde nílé ni n kò ti gbálẹ̀. A kì í gbálẹ̀ tẹ̀lé arìnrìn-àjò. Ṣé ó dá yín lójú pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kanlẹ̀?”

“Ó dá mi lójú, Mà.”

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ bá mi sọ fún dẹ́rẹ́bà kó tẹná. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ti kanlẹ̀, ó ku ìgbálẹ̀ mi.”