Ojú Fúnkẹ́ àti Orúkọ Ìyá Mi

Ẹ bá mi kí aṣọ tábìlì funfun, ẹ̀yin òǹkàwé. Aṣọ ńlá, aṣọ iyì, tó funfun ju ọkàn ẹni tó ni ín lọ. Wọ́n á fi sítáàṣì sí i títí yóò fi le gan-an bí alága ìgbìmọ̀. Ní Ìkirè àti Àpòmù, nígbà tí kòkó ń lówó lórí, tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, ẹni tó bá ti ní irú rẹ̀ lórí tábìlì ti kúrò lára ará oko. Èmi ní méjì.

Ohun tí aṣọ yẹn bá mi ṣe ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti gbé e pamọ́ sínú.

Oṣù méjì sẹ́yìn la sin ìyá mi sí Wásinmi. Kò pé ogún ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Fúnkẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo, bí obìnrin. Gbogbo ẹbí ní Yétúndé ló dé. Fúnkẹ́ ní rárá. Ó ní òun kò ní fi orúkọ pe ẹni tó fọ́ òun lójú kan padà wá sínú ilé òun. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, Yétúndé kò sí níbẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣe ìsàmì ọmọ náà, ẹbí sì tún ti ń bẹ Fúnkẹ́ kí ó fi orúkọ náà kún un. Kò gbà.

Ìyá mi kọ́ ló fọ́ ọ lójú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà yẹn mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì dé láti yunifásítì ni. Mo ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkirè. Iṣẹ́ mi kejì, tí ẹnikẹ́ni kò rán mi, ni kí n máa fi àwọn olówó kòkó ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin kan wà ní Àpòmù tó ra fìríìjì oníkẹrosíìnì sí pálọ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi fìlà rẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òun fẹ́ kí orí òun máa tutù. Òmíràn ń fi fọ́ọ̀kì jẹ bọ̀ọ̀lì títí ó fi gún ara rẹ̀ létè. Bí mo bá ti sọ ọ́ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, a ó rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa.

Nílé tèmi, a kì í jẹ epo pupa. Èmi ni mo ṣòfin yẹn. Epo a máa ta sára aṣọ tábìlì, bó bá sì ti ta sí i, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìrẹsì funfun là ń jẹ, àti búrẹ́dì, àti tíì tí a fi mílíìkì inú agolo pò. Òróró ni a fi ń dín ẹran. Ẹ̀fọ́ kì í wọlé wa, nítorí ta ni yóò se ẹ̀fọ́ láìsí epo? Ìyàwó mi ń ṣe bí mo ṣe wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tirẹ̀ kún un. Òun náà ti lọ.

Èmi fúnra mi kò fi ara mọ́ òfin náà. Bí mo bá ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, mo máa ń ra dòdò elépo létí títì, màá jẹ ẹ́ tán kí n tó délé, màá sì nu ẹnu mi. Fúnkẹ́ kò ní owó, kò sì mọ ọ̀nà títì. Ohun tó wà lórí tábìlì nìkan ló ń jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ó sanra, ara rẹ̀ sì ń dán.

Nígbà tó yá, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Fúnkẹ́ a máa fọwọ́ tá ògiri kiri. A rò pé eré ló ń ṣe.

Ìyá mi wá kí wa láti Wásinmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, ó na ife omi sí ọmọ. Ọwọ́ ọmọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó ń wá a níbi tí kò sí.

“Àkànní, ọmọ yìí kò ríran.”

“Ó ń ríran, Màmá. Ṣebí ó ń ka A, B, D lọ́sàn-án.”

“Ta ló ń sọ ti ọ̀sán? Kí lẹ ń fún un jẹ?”

Mo ka àwọn oúnjẹ wa fún un, bí ẹni ń ka oyè.

“Epo ńkọ́?”

“A kì í jẹ epo níbí, Màmá.”

“Ẹ kì í jẹ epo. Ẹ kì í jẹ ẹ̀fọ́. Ṣé ìwé lẹ wá ń jẹ ni?”

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ ra epo àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ́jà, ó sì dáná lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Ó sọ fún ìyàwó mi pé nílé bàbá òun, bí ojú ọmọ bá ti ń ṣú pẹ̀lú ilẹ̀, epo àti ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ ẹran ni wọ́n fi ń wò ó. Ọjọ́ kẹta ni mo dé bá wọn. Fúnkẹ́ sáré wọlé láti kí mi, ẹnu rẹ̀ pọ́n, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ tábìlì mú.

Mo pariwo. Mo ní kí ìyá mi má sọ ọmọ mi di ará oko. Ìyá mi kò bá mi jà. Ó ká aṣọ rẹ̀ sínú igbá.

“Ará oko ló bí ọ o, Àkànní,” ló wí. “Fún ọmọ yìí lépo.”

Ó lọ. Epo bá a lọ.

Lẹ́yìn náà ni ibà kọlu Fúnkẹ́. Bí ibà ṣe lọ, ojú òsì rẹ̀ pọ́n, kò sì lè wo ìmọ́lẹ̀ mọ́. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Ọkùnrin tó ń wo aláìsàn níbẹ̀ yẹ ojú rẹ̀ wò, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí ìyá mi bi mí.

“Tíṣà, ṣé ẹ ń fún un lépo?”

Mo ní rárá.

“Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Oúnjẹ tó ń ṣọ́ ojú ló ṣaláìtó lára rẹ̀. Epo ẹja inú ìgò tí a fi ń wo irú èyí ti tán, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òmíràn tó ti Ìbàdàn dé. Ẹ má dúró dè é o. Ẹ fún un ní epo pupa lónìí, àti ẹ̀fọ́, àti ẹyin, àti ẹ̀dọ̀. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n náà dára.”

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ń bọ̀ yìí ló ṣòro fún mi láti kọ. Mo dúró de ìgò.

Bí mo bá fún ọmọ lépo, a jẹ́ pé ìyá mi tí kò mọ A yàtọ̀ sí ọ̀pá ló jàre mi. Ìgò ní ìwé òyìnbó lára. Kèǹgbè epo kò ní nǹkan kan lára. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń béèrè bóyá ìgò ti dé. Ní ọjọ́ kejìlá, nǹkan funfun bo ẹyinjú òsì Fúnkẹ́. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo ra epo. Mo ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì, mo po epo mọ́ ṣúgà, mo sì fi ṣíbí fún un lá. Mo ní, “Oògùn òyìnbó ni, Fúnkẹ́. Lá a.” Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì parí tó fi ń fi ojú ọ̀tún rí ife omi lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀. Ó ṣì ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dòní, pé oògùn òyìnbó tí bàbá òun wá kiri ló gba ojú kan là fún òun.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó ba ojú kejì jẹ́. Ta ló bọ́ ọmọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé? Ta ló fi ìbínú kúrò nílé? Ẹbí ìyàwó mi ní Àpòmù sọ pé àjẹ́ ni ìyá mi. Àwọn ìyá ìjọ ní Ìkirè sọ ọ́, wọ́n fi àdúrà bò ó lójú. Ó dé Wásinmi. Àwọn abiyamọ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi. Ní ọjọ́ Ìkórè, ó ru mọ́ínmọ́ín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ru gbogbo rẹ̀ padà wálé.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bi mí. Mo lọ kí i, ó ń yan ẹ̀wà nínú àwo, kò gbójú sókè.

“Àkànní, ìwọ lo kàwé. Kí ni ìwé sọ nípa ojú ọmọ yẹn?”

“Màmá, ìwé kò sọ nǹkan kan.”

“Ó dáa,” ló wí. Ó ń yan ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Kò bi mí mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ fún Fúnkẹ́ kí ìsàmì tó dé, ó lè má fojú kàn mí mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni òbí tó kù fún un. Bí n kò bá sọ, ìyá mi yóò máa jẹ́ àjẹ́ lọ lẹ́nu ọmọ-ọmọ rẹ̀ àti lẹ́nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí. Mo ti gbé ìwé mú láti kọ ọ́ sí i, mo sì ti ya á. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń fọwọ́ tá ògiri ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ohun tó wà nínú àwo rẹ̀ ná.

Ohun kan kù tí n kò tíì sọ. Láti òkè ni mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo dákẹ́ ni, pé àwọn ará ìlú ló bà á lórúkọ jẹ́. Ẹbí ìyàwó mi ṣèpàdé ní Àpòmù lórí ojú ọmọ náà. Àgbà ilé wọn kọjú sí mi, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé jù nínú wa. Ta lẹ rò pé ó ṣe é?” Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ilé ìwòsàn yẹn ṣì wà létí mi. Ìyàwó mi ń wò mí.

Mo ní, “Ìyá mi ni.”

Èmi náà sọ ọ́.