Ìgbà Mọ́kànlá Lórí Ojú Màámi

Bùọ̀dá Àbúbákr, ẹ má bẹ̀ mí! Mo ní ẹ má bẹ̀ mí, torí ẹ̀yin náà lẹ kó mi sí i. Ta ló kọ nọ́ńbà mi sínú fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn ojú tó wà ní Ibafo yẹn? Ṣé èmi ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí Ifọ̀ lẹ ní, "Sọ̀fíyátù àbúrò mi ló ń gbé pẹ̀lú Màámi ní Lotto, òun ni kẹ́ ẹ máa pè." Wọ́n sì pè! Háà, wọ́n pè mí títí orúkọ mi fi sú mi!

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dá, Àtàlátà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, pé wọ́n máa bó awọ funfun yẹn kúrò lójú ọ̀tún Màámi, kí wọ́n tó kan ti òsì. Mo gbọ́. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, lókè ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Kí ló tún kù? Ìgbà mọ́kànlá, mo kà á, wọláhì, ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n rán mi létí! Wọ́n tẹ àtẹ̀jíṣẹ́, wọ́n bá mi lórí Wásáàpù, wọ́n tún pè. Ọ̀kan tiẹ̀ ní, "A ó rán yín létí lọ́la." Ẹ gbọ́ mi o! Wọ́n ń rán mi létí pé wọ́n ń bọ̀ wá rán mi létí!

Kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi sínú fóònù mi ló wá burú jù, tó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so sínú oòrùn. Ó ní kí n dáhùn: bẹ́ẹ̀ ni, rárá, tàbí bóyá. Bóyá kẹ̀! Ta ló ń fi bóyá dáhùn ọ̀rọ̀ ojú ìyá tó bí i? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúpẹ́. Ọjọ́ kejì, ó tún béèrè! Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo forí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ni nǹkan náà bá figbe ta nínú báàgì mi. Àlàájà Hàfísátù, kọ́sítọ́mà mi láti ọdún mẹ́fà, ẹ ò bá rí ojú tí wọ́n fi wò mí nígbà tá a kírun tán! Títí dòní, wọn ò tíì wá gba aṣọ wọn.

Mo fara dà á. Mo ní àwọn tó ń pariwo tó báyìí, ó kéré tán, wọn ò ní gbàgbé wa.

Àtàlátà pé. Màámi ò fi nǹkan kan ẹnu láti ìdájí, bí wọ́n ṣe pàṣẹ. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, a wọ kẹ̀kẹ́, mo fà wọ́n lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, torí Màámi ò rí ibi tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé. Nọ́ọ̀sì wo ìwé, ó wò wá, ó ní, "Mà, a ti sún yín sí Àlàmísì." Mo ní, "Nígbà wo? Ta lẹ sọ fún?" Ó ní ó wà nínú íméèlì. Íméèlì! Èmi Sọ̀fíyátù tí mi ò ní íméèlì! Bùọ̀dá, ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n sọ ohun tí mo ti mọ̀ fún mi. Ẹyọ kan tí mi ò mọ̀, ẹnu wọn ò gbà á!

Mo ti lanu, èébú ti dé ètè mi, ni Màámi bá fọwọ́ wá bẹ́ǹṣì kàn, wọ́n jókòó pẹ́rẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, lọ sọ fún dókítà pé ìyá arúgbó kan wà níbí, ebi ń pa á, kò sì ní dìde." Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n, bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, dókítà fúnra rẹ̀ jáde, ó lóṣòó síwájú bẹ́ǹṣì, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ." Ó sì ṣe é lọ́jọ́ náà!

Àárọ̀ àná la ṣí ojú ọ̀hún. Màámi tẹjú mọ́ mi títí, omi ti ń dà lójú mi, mo rò pé àdúrà ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? "Sọ̀fíyátù, ṣé bó o ṣe gbó tó nìyí, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?" Hẹ̀hẹ̀hẹ̀! Bùọ̀dá, inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ fún ẹ̀rín! Ṣùgbọ́n ojú òsì ṣì kù o, èmi kọ́ ni mo máa lọ. Ẹ wọkọ̀ láti Ifọ̀ wá, kẹ́ ẹ mú wọn lọ fúnra yín. Kí wọ́n fi ojú tuntun wo ẹ̀yin náà dáadáa!