Ìlọsíwájú Tí Kò Dé Ẹ̀yìnkùlé

Láyé ìjọba Faransé, orí ìlà tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ní Agbonou, ibùdókọ̀ ìlú Atakpamé ní ilẹ̀ Togo, ni mo wà tí mo gbọ́ bàbá onílé kan àti ìyá aláṣọ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn mi.

"Ìyá aláṣọ, owó yàrá yín máa gòkè lóṣù tó ń bọ̀. Òwú ti ń tà, àlejò ń wọ̀lú, kò sí yàrá mọ́ ní Atakpamé. Ìlọsíwájú ti dé!"

"Ẹ kú oríire, Bàbá. Nígbà tí òwú kùtà tí yàrá yín ṣófo, ṣebí ẹ̀yin lẹ ń bẹ̀ mí kí n má kó lọ?"

"Ìyẹn ti kọjá. Ṣé ẹ ò rí páànù tuntun tí mo kàn ni? Kọmándà òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa fúnra rẹ̀ dúró wò ó, ó ní ilé mi ń dán."

"Iwájú ilé lẹ kàn án sí, níbi tí Kọmándà ń gbà kọjá. Ẹ̀yìnkùlé tí mò ń sùn sí, koríko àtijọ́ náà ló wà níbẹ̀. Nígbà tí òjò rọ̀ lánàá, igbá ni mo dé sórí bíi fìlà."

"Ẹ ní sùúrù, Ìyá. Mo ní ìlọsíwájú ni!"

"Mo gbọ́ yín. Iwájú náà ló lọ, kò yà sẹ́yìn rárá. Bí òjò bá tún ṣú, màá ká ẹní mi, màá wá sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín níwájú. Bí Kọmándà bá bi yín, ẹ sọ fún un pé èmi náà ti lọ síwájú."

Akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ò mọ nǹkan kan, ó pariwo pé ká sún síwájú. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín, àfi bàbá onílé.