Òórùn Ìyá Ológbò

Ogun Hítílà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Èjìgbò lọ sí ìlú Ara, lẹ́nu ìyàwó ilé kan tó gbé agbọ̀n lé itan àti ìyá àgbà tó jókòó tì í.

"Mẹ́rin ni ológbò wa bí sínú àká àgbàdo, ìyá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì yè! Ọ̀kan nìyí."

"O fi ọṣẹ wẹ ìyá wọn?"

"Ohun tí ìyá ọkọ mi ní kí n ṣe nìyẹn. Wọ́n ní wíwẹ̀ ni à ń wẹ abiyamọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní n kò ní wẹ̀ ẹ́."

"O kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá ọkọ ẹ lẹ́nu?"

"Wọ́n pè mí ní ọ̀bùn títí àdúgbò fi gbọ́. Àkísà tí mo rì sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń nu ẹ̀jẹ̀ ìdí rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ṣe ìyókù. Àwọn ọmọ náà kò tíì lajú, ìyá. Òórùn ìyá wọn ni ojú wọn. Bí ẹ bá fi ọṣẹ fọ òórùn yẹn lọ, kí ni wọn yóò fi wá ọmú?"

"Òórùn ìyá wọn ni ojú wọn." Ìyá àgbà náà rọra tún un sọ. "Èmi fi ọṣẹ wẹ tèmi. Àwọn ọmọ rẹ̀ kú tán, mo ní orogún mi ló pa wọ́n. Ta lo ń gbé èyí lọ fún?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi ni. Ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí ìyá ọkọ mi rán mi sí wọn: 'Sọ fún wọn pé ìyàwó mi ló tọ́jú ìyá rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n mú ọṣẹ dé ibẹ̀!'"