Àpótí Tó Ń Yan Ẹni Tí Yóò Yè

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì yìí, torí ọ̀rọ̀ yín gan-an ni. Ohun tí mo gbé pamọ́ sínú ti rà, òórùn rẹ̀ fẹ́ pa mí kí àìsàn tó pa mí.

Èmi ni mo ṣe àpótí onírin tí ilé ìwòsàn wa fi ń yan àwọn tí wọ́n máa bá fọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ pọ̀, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ò tó. Wọ́n ní kí nọ́ńbà máa yàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa bú dókítà. Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé, gbogbo àwọn onítáì ń mi orí bí alángbá. Kò sẹ́ni tó bi mí bó ṣe ń ṣe é. Òmùgọ̀ gbogbo! Nọ́ńbà kan ni mo máa ń kì í lẹ́nu. Wáyà inú rẹ̀ á lọ̀ ọ́, á pò ó, á wá máa tu òmíràn jáde lọ́tùn-ún lósì, bí ohun tí ẹ̀dá kan ò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ aláìsàn tó dúró fún. Irọ́ ni. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà tí a fi bẹ̀rẹ̀, ó mọ gbogbo ìyókù. Èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, ojú àánú, inú ìkà, pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Ìyá ìyàwó mi wà lórí ìlà. Ṣé o ò lè bá àpótí rẹ sọ̀rọ̀ ni?" Mo ní, "Sà, àpótí mi máa ń gbọ́ràn." Kò pẹ́ tí mo fi di olórí àwọn ẹnjiníà. Ẹ wo ohun tí mo ta ara mi fún: àga tó ń yí! Látìgbà náà, ará ilé rẹ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ lórí ìlà mọ́.

Ìgbà náà ni àìsàn kíndìnrín mú ọkọ yín, Ìyá, ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ látorí bí wọ́n ṣe ń jó wáyà pọ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ń wo àwọn tó ń wọlé, títí ó fi wá bá mi. "Ọmọ mi, àpótí yẹn ń ṣègbè. Jẹ́ n tú u wò."

Mo ní, "Bàbá, àìsàn ló ń dà yín lọ́kàn rú."

Ó ní, "Tún un ṣe, kó tó di pé mo sọ ọ́ síta."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dán àpótí wò kí wọ́n tó yàn, bí mo ṣe máa ń ṣe. Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde! N ò fọwọ́ kàn án o. Ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní mo kó ọwọ́ sápò lásán, ọkọ yín ì bá yè. Àmọ́ mo yí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀, mo tún un yí, títí orúkọ rẹ̀ fi já sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò dé ọjọ́ yíyàn tó tẹ̀ lé e tó fi kú. Níbi ìsìnkú, ẹ̀yin lẹ fi ìborùn yín nu ojú mi. Ẹkún wo? Omi ojú apààyàn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ ló dájọ́, ẹ bi í pé ta ló ń bọ́ ẹ̀rọ.

Ìyá, ẹ ti dìde? Ẹ kẹ̀yìn sí mi? Ó tọ́ sí mi. Ẹ máa sáré lọ. Mo ti kọ́ ẹni tó gba ipò mi ní ọgbọ́n burúkú yẹn, àpótí náà sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lọ dá a dúró ná. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ ronú bóyá ẹ máa dárí jì mí.